Tí ẹranko súù bá sá wọ ìgboro Èkó, ṣé a máa fẹ́ràn ẹ̀ ni àbí a máa sè é?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan ní Sùúrùlérè:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí o. Èmi àti àbúrò mi tó wà ní New York la ti ń fà á láti àná lórí ọ̀rọ̀ òwìwí. Ó ní òwìwí ńlá kan wà lọ́dọ̀ wọn tó ń jẹ́ Flaco, inú súù, ìyẹn ọgbà ẹranko, ti Central Park ló ń gbé, lálẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kejì 2023 àwọn kan wá gé nẹ́ẹ̀tì ilé ẹ̀, ló bá bọ́ síta, bó ṣe di ará ìgboro fún ọdún kan gbáko nìyẹn. Ó ń bà sójú wíńdò àwọn èèyàn, wọ́n ń gbé kámẹ́rà tọ̀ ọ́ kiri. Nígbà tó kú ní oṣù kejì 2024 wọ́n lọ kó òdòdó àti lẹ́tà sídìí igi kan tó fẹ́ràn láti máa bà lé. Lẹ́tà o, sí òwìwí! Mo ní tó bá jẹ́ Èkó ni kò ní rí ọjọ́ kejì, ẹni tí ò bá sọ ọ́ lókùúta á sè é. Àbúrò mi bínú, ó ní mò ń bu ilé kù. Ta ló jàre? Ṣé lóòótọ́ la ò fẹ́ràn ẹranko ni?

* * *

Ẹ jẹ́ kí n ti orí òwìwí fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ lẹ ti rẹ́ àbúrò yín jẹ. Nínú gbogbo ẹranko tí Ọlọ́run dá, òwìwí lẹ wá mú fi dán ará Èkó wò. Ẹyẹ tó jẹ́ pé tó bá ké lórí páànù ní aago méjì òru, ẹni tó ní Bíbélì á mú Bíbélì, ẹni tó ní tẹ̀sùbáà á mú tẹ̀sùbáà, ẹni tí ò ní nǹkan kan á máa fura sí ìyá ọkọ ẹ̀. Ẹ̀rù nìyẹn, ẹ má pè é ní ìkórìíra ẹranko. Ẹ mú odídẹrẹ́ dípò ẹ̀ ká wò ó. Kí odídẹrẹ́ kan já ní Adéníran Ògúnsànyà níbẹ̀ yẹn, kó lọ bà sórí wáyà iná, kó máa kí àwọn dírẹ́bà ní "ẹ káàárọ̀ sà". Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á gbọ́ ọ dé Òjúẹlẹ́gba. Àwọn ọmọ á gun fẹ́ǹsì, ìyá onígúgúrú á da gúgúrú sílẹ̀ fún un, gbogbo ẹ á ti wà lórí WhatsApp kí olówó odídẹrẹ́ tó mọ̀ pé kò sí nílé.

Nítorí náà lórí òwìwí ẹ jàre, lórí ẹranko àbúrò yín jàre. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò parí síbẹ̀ jàre.

* * *

Mo ti ka ohun tí gbogbo yín kọ sábẹ́ ìbéèrè yìí. Àwọn tó pọ̀ jù ń kọ "ẹran ìgbẹ́" wọ́n ń fi àmì ẹ̀rín sí i, ó yé mi, eré ni. Àwọn kan fi ti ebi ṣe, wọ́n ní ẹni tó yó ló ń ráyè ya fọ́tò òwìwí. Bọ̀dá kan láti Àgége wá ní fóònù ló fa gbogbo ẹ̀, pé láyé tí ò sí fóònù kò sẹ́ni tó rí tẹyẹ rò.

Bọ̀dá Àgége, ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1965, tí kò sí fóònù alágbèéká lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, idì kan tó ń jẹ́ Goldie sá kúrò nínú súù London, ó ń fò kiri nínú Regent's Park fún nǹkan bí ọjọ́ méjìlá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń tú jáde lọ wò ó, mọ́tò ò rọ́nà lọ, wọ́n tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn. Wọ́n mú un padà, kí ọdún yẹn tó parí ó tún sá. Àwọn èèyàn tún yọ̀. Fóònù kọ́ ló bí i. Ẹni tó bá já kúrò níbi tí wọ́n tì í mọ́, ọmọ aráyé á kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ fún un kí wọ́n tó bi í pé kí ló ṣe tí wọ́n fi tì í.

Ní tiwa níbí ẹ tún mọ̀ pé a ti ní orúkọ fún un. Kí ẹranko ṣáà ti jáde, ẹni àkọ́kọ́ tó máa kọ nǹkan sábẹ́ fídíò ẹ̀ á ní "ó ti jápa". Ẹnìkan ti kọ ọ́ níbí lẹ́ẹ̀mẹrin.

* * *

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ebi ló fà á, ẹ wá gbọ́ ti Alága.

Ní àdúgbò wa l'Ébùté Mẹ́ta, kò jìnnà sí Òyìngbò, lánlọ́ọ̀dù kan ń sin ọ̀bọ, ó fi ṣéènì so ó mọ́ ìdí igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé, ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé àwa tá a ń kọjá ò kà á sí mọ́. Lọ́jọ́ tó já, díẹ̀ nínú ṣéènì yẹn ṣẹ́kù sí i lọ́rùn, nítorí náà a máa ń gbọ́ ọ kó tó yọ, ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ lórí páànù. Ibi tó kọ́kọ́ forí lé ni ọ̀dọ̀ ìyá oníbọ̀ọ̀lì. Ó mú ọ̀kan lórí iná gangan, ó gun ojú wíńdò ilé kejì, ó wá jókòó síbẹ̀, ó ń gbé bọ̀ọ̀lì yẹn láti ọwọ́ kan sí ìkejì, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, á fi kan ètè, á tún yára yọ ọ́, á tún fẹ́ ẹ, títí ó fi tutù, ó wá fi èékánná ha ibi tó jóná kúrò díẹ̀díẹ̀, ó ń jù ú lé wa lórí nísàlẹ̀. Àgbà àtọmọdé ló dúró tí wọ́n ń wò ó. Ìyá oníbọ̀ọ̀lì ti ń ṣépè, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé àwọn tó wá wòran ń ra bọ̀ọ̀lì, èpè dáwọ́ dúró. Nígbà tó ṣe, òun fúnra ẹ̀ ló ń ya ọ̀kan sọ́tọ̀, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án á ní "ti Alága nìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀". Àwọn ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì ló sọ ọ́ ní Alága, wọ́n ní torí pé kì í ṣiṣẹ́ ó sì ń jẹun ju gbogbo wa lọ.

Ebi ń pa àdúgbò yẹn dáadáa o, kò sẹ́ni tó ní ká sè é. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ó fa aṣọ ẹbí oníbàárà ya, télọ̀ ń sunkún, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni. Títí ó fi bu ọmọkùnrin kan jẹ lọ́wọ́. Ọmọ náà ló fi ẹ̀pà tàn án sún mọ́ra, tó wá fa ẹ̀pà sẹ́yìn kí fídíò lè dáa. Ọsibítù ní kó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, abẹ́rẹ́ yẹn kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n máa ń pín in sí ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, owó ni gbogbo ẹ̀. Màmá ọmọ gba ọ̀dọ̀ lánlọ́ọ̀dù lọ. Lánlọ́ọ̀dù ní ọ̀bọ tó ti já kì í ṣe tòun mọ́, ti àdúgbò ni, ṣebí àwa la sọ ọ́ lórúkọ, kí àwa tá a sọ ọ́ lórúkọ lọ san án. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà! A dá owó jọ fún màmá ọmọ, ẹni tó gba owó náà jọ ṣì ń ṣàlàyé fún wa títí dòní. Alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà làwọn tó ń kí i ní "Alága, a kú iṣẹ́" gbé igi jáde.

Igi ò bà á. Ọlọ́dẹ àdúgbò ló fi àpò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ mú un lówùúrọ̀ kùtùkùtù, ó ní òun ń gbé e lọ fún àwọn tó ń tọ́jú ẹranko lọ́nà Lẹ́kkí. Àwọn kan gbà á gbọ́.

Ìfẹ́ wà l'Ékòó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n parọ́ fún yín. Owó abẹ́rẹ́ ni kì í sí.

* * *

Àǹtí kan ní Yàbá dá mi lóhùn pé ọ̀bọ ni mò ń sọ, òwìwí ò bu ẹnikẹ́ni jẹ, pé kí wọ́n ti fi Flaco sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ọdún kan lójú ọ̀run sàn ju gbogbo ayé ẹ̀ nínú kéèjì lọ.

Ẹ ṣé é àǹtí mi, àwọn ará New York náà sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bí Flaco ní 2010 ní North Carolina, ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé e wá sí Central Park, kò kúrò nínú ilé kékeré yẹn títí 2023. Ẹyẹ tí apá ẹ̀ tó bá nà án fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ẹ rò ó wò. Àwọn òṣìṣẹ́ súù kọ́kọ́ ń lé e kiri láti mú un, wọ́n dẹ tàkúté, wọ́n fi eku sí i, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ebi á pa á torí kò pa ẹran jẹ fúnra ẹ̀ rí. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eku ìgboro fúnra ẹ̀, ó mọ̀ ọ́n ṣe ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Nígbà tí wọ́n rí ìyẹn wọ́n dẹwọ́. Àwọn ará ìlú ní ẹ ṣé é, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ó dáa. Kí ló wá pa á? Ó já bọ́ lára ilé kan ní West 89th Street, gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ní ilé gogoro ló kọlù. Nígbà tí àwọn dókítà ẹranko yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá àrùn tí àwọn ẹyẹlé máa ń ní lára ẹ̀, ó ti bà á jẹ́ gan-an nínú, wọ́n tún bá oríṣi májèlé eku mẹ́rin. Mẹ́rin! Eku àti ẹyẹlé tó ń pa jẹ, tí gbogbo wa ń kan sáárá sí i pé ọkùnrin ni, àwọn ló ń gbé ikú wá fún un.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí májèlé yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà fún àwa ará Èkó. Kì í pa eku lójú ẹsẹ̀. Ńṣe ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má lè dì mọ́, eku á jẹ ẹ́ lónìí, á ṣì máa rìn kiri fún ọjọ́ mélòó kan, ojú ẹ̀ á ti wúwo, ẹsẹ̀ ẹ̀ á ti falẹ̀, irú eku bẹ́ẹ̀ sì ni òwìwí tàbí ológbò máa tètè rí mú. Ó jẹ ọ̀kan, kò kú. Ó jẹ òmíràn, kò kú. Májèlé ń jókòó dè é nínú ẹ̀dọ̀. Ẹ wá wo Èkó. Ibùdókọ̀ wo la dé tí ẹnìkan ò gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí tábìlì tó ń ké "oògùn eku, oògùn aáyán, jẹ ẹ́ kó kú"? Ọ̀tapíapíà tó wà nínú ìgò kékeré nìyẹn, èyí tó dà bíi ṣúgà nìyẹn, èyí tí wọ́n pò mọ́ ẹ̀pà nìyẹn. Ẹni tó ń ta á gan-an ò mọ ohun tó wà nínú òmíràn. Ẹ wo iye ológbò tó ń kú láì ṣàìsàn ní Mushin. Tí Flaco bá wá sí Mushin, kò sídìí tí ẹnikẹ́ni fi máa sọ ọ́ lókùúta, oúnjẹ alẹ́ ẹ̀ á ti bá wa parí ẹ̀.

Nítorí náà ẹni tí mo bínú sí nínú ìtàn yẹn ni ẹni tó gé nẹ́ẹ̀tì. Ó lọ sílé, ó sùn, ó ní òun dá ẹyẹ sílẹ̀. Tí kéèjì bá kéré, ẹ pariwo kí wọ́n kọ́ èyí tó tóbi, ẹ kọ̀wé, ẹ dúró sẹ́nu géètì wọn pẹ̀lú páálí. Àǹtí mi, mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà.

* * *

(Kò gbà. Ó ní tí wọ́n bá ti èmi náà mọ́lé fún ọdún mẹ́tàlá màá fẹ́ kẹ́nìkan wá gé nẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn wọlé sí mi lára díẹ̀.)

Kí n má baà dà bí ẹni tó lòdì sí gbogbo ẹni tó sá, àwọn kan wà tó dáa fún. Flamingo kan wà, ẹyẹ aláwọ̀ òsùn tó ní ẹsẹ̀ gígùn gbọọrọ yẹn, láti Tanzania ni wọ́n ti gbé e lọ sí súù kan ní Kansas, l'Amẹ́ríkà. Wọn ò tíì gé ìyẹ́ apá ẹ̀. Ní 2005 lọ́jọ́ tí atẹ́gùn le, ó fò lọ, ó gba ọ̀nà etí òkun Texas, wọ́n ṣì ń rí i níbẹ̀ ní 2022, nọ́ńbà 492 ṣì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ọmọ Áfíríkà tó jápa lẹ́ẹ̀mejì. Octopus kan náà, ẹran inú òkun tó ní apá mẹ́jọ yẹn, wà ní New Zealand tó ń jẹ́ Inky, ní 2016 ó yọ́ jáde nínú táǹkì ẹ̀, ó wọ páìpù omi ìdọ̀tí, ó bá a dé òkun, ó tán. Kò sẹ́ni tó máa sanwó abẹ́rẹ́, òkun ló kúkú ti wá.

Ìyàtọ̀ ẹ̀ ò le: ibi tó sá lọ, ṣé oúnjẹ ẹ̀ wà níbẹ̀ tí kò ní pa á, àti pé ta ló máa jìyà tó bá ṣe é bó ṣe ń ṣe é nínú igbó?

* * *

Ẹnìkan láti Ìsàlẹ̀ Èkó ní mò ń sọ̀rọ̀ ẹyẹ àti ẹja, kí n sọ̀rọ̀ kìnnìún tí mo bá láyà. Ó ní òun rántí kìnnìún Victoria Island tí wọ́n fi ń ṣọ́ ilé ní 2019, pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, kí ìjọba ti fi í sílẹ̀ fún olówó ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, kìnnìún yẹn ò já rárá, inú ilé ni wọ́n ti lọ kó o kó tó já, ìdí tẹ́ ẹ fi lè pè é ní ọmọ jẹ́jẹ́ nìyẹn. Ilé ìwé jẹ́léósinmi wà ládùúgbò yẹn, àwọn aládùúgbò ló figbe ta. Ìjọba ìpínlẹ̀ gbé dókítà ẹranko dání wá, wọ́n gbé e lọ sí súù ní Bógíje. Ẹ rántí ti Ifẹ̀, ní yunifásítì OAU, ní oṣù kejì 2024. Ẹni tí kìnnìún pa níbẹ̀ yẹn, òun ló ń fún wọn lóúnjẹ láti kékeré. Wọ́n pa kìnnìún náà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù lọ láyé nìyẹn o, kì í ṣe ẹni tó rí i lórí Instagram.

Ti Jos ní 2015, kìnnìún jáde nínú ọgbà, wọ́n yìnbọn pa á. Ti Kano ní 2019, wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Nasarawa, bó ṣe padà dé ọgbà ẹranko Kano ló já, inú ọgbà yẹn náà ló há sí, ó pa ewúrẹ́ jẹ, wọ́n sì mú un láàyè. Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín pé kìnnìún lọ jẹ àsun ewúrẹ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹni tó wà ní Kano lálẹ́ ọjọ́ yẹn ò jọ pé ó rẹ́rìn-ín.

* * *

"Ẹ ṣáà fi ìbọn oorun yìn ín, ó parí." Ó tó èèyàn mẹ́fà tó kọ ọ́. Fíìmù ti bà wá jẹ́.

Oògùn yẹn kì í ṣe ìgbájú tí wọ́n á gbá a tá á ṣubú. Ó máa ń gba ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó mú un, nígbà míì ó lè tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nínú ìṣẹ́jú yẹn ẹranko ti gbóná, ọfà ti gún un nídìí, ó ń sáré. Ìwọ̀n ara ẹranko ni wọ́n fi ń díwọ̀n oògùn, ta ló fẹ́ gbé kìnnìún sórí ìwọ̀n ní Ọ̀ṣòdì? Ojú ni wọ́n á fi wò ó. Tó bá kéré, inú á tún bí i sí i. Tó bá pọ̀ jù, èémí á dúró. Ká tún ní ó bọ́ sí ẹ̀bá ọ̀sà kí oorun tó gbé e, inú omi ló máa sùn sí. Ní Seoul, oṣù kẹta 2023, zebra kan tó ń jẹ́ Sero fọ́ fẹ́ǹsì onípákó jáde nínú súù, ó rìn láàárín mọ́tò fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, wọ́n há a mọ́ àárín ilé nínú kọ̀rọ̀ kan kí wọ́n tó lè yìn ín dáadáa. Ẹranko tó ń jẹ koríko nìyẹn o. Gbogbo Korea ló káàánú ẹ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ pé bàbá àti ìyá ẹ̀ ti kú, àti pé láti ìgbà yẹn ló ti ń bá kangaroo ilé kejì jà. (Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀. Ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, ó ń bá aládùúgbò jà. Ará Èkó pátápátá.)

* * *

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń dúró kí ẹnìkan béèrè: "kí ló lè mú ẹranko já l'Ékòó, ṣebí a ò ní súù ńlá?"

Omi. Ẹ má wo ẹni tó gé nẹ́ẹ̀tì nìkan, omi ló ń ṣí kéèjì jù. Ní oṣù kẹfà 2015 omíyalé ya wọ súù Tbilisi ní orílẹ̀-èdè Georgia, béárì, ìkookò, kìnnìún, ẹkùn, gbogbo ẹ̀ bọ́ sígboro. Erinmi kan tó ń jẹ́ Begi rìn wọ àárín ìlú, àwọn èèyàn rọra ń tì í nídìí lẹ́yìn tí wọ́n ti yìn ín lóògùn, fọ́tò ẹ̀ kárí ayé, gbogbo wa ní "ó mà rẹwà o". Lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, ẹkùn funfun tó ti inú súù yẹn kan náà jáde sá pamọ́ sínú ilé ìkẹ́rù kan, ó pa ọkùnrin kan níbẹ̀. Omi kan náà ló gbé àwọn méjèèjì jáde, Begi là ń rántí.

Ẹ má sọ pé ìlú òyìnbó. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, ìdídò Alau ya ní Maiduguri, omi bo súù Sanda Kyarimi, àwọn tó ń darí ẹ̀ ní ó ju ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ẹranko wọn tó kú, wọ́n wá ní ọ̀nì àti ejò ti bá omi wọ àdúgbò àwọn èèyàn. Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀nì yẹn lórúkọ. Kò sẹ́ni tó kọ lẹ́tà sí i. Ẹni tí omi ti gbé ilé ẹ̀ lọ, tó dúró nínú omi tó mù ún dé àyà, tó tún ń ro ti ọ̀nì mọ́ ọn, ẹ lọ bi í nípa ìfẹ́ ẹranko.

Àwa tá a ń gbé Èkó, ẹ̀yin ará Lẹ́kkí àti Àjáh pàápàá, ẹ mọ bí omi ṣe máa ń rí nínú oṣù kẹfà àti oṣù keje. Àwọn olówó tó ń sin nǹkan sẹ́yìn fẹ́ǹsì gíga níbẹ̀ yẹn, ẹ mọ̀ wọ́n. Èyí ló ń ba èmi lẹ́rù ju pé bóyá a máa sè é tàbí a ò ní sè é.

* * *

Ìyá kan tó ń gbé lọ́nà Lẹ́kkí ní òun ti ń bá ẹranko tó sá jáde gbé láti ọjọ́ yìí wá, pé àwọn ọ̀bọ Lẹ́kkí Conservation Centre máa ń wá jí ọ̀gẹ̀dẹ̀ òun, kí ni òun lè ṣe?

Màámi, àwọn yẹn ò sá jáde o. Látọdún 1990 ni wọ́n ti dá ọgbà yẹn sílẹ̀, héktà méjìdínlọ́gọ́rin, igbó ni, kì í ṣe kéèjì, àwọn ọ̀bọ sì ti wà níbẹ̀ kí àwọn ẹ̀sítéètì tó dé. Àwa la wọlé tọ̀ wọ́n. Ohun tó ń fà wọ́n wá ni àwọn àlejò tó ń fún wọn ní bisikíìtì nígbà tí wọ́n ti ní kẹ́nikẹ́ni má fún wọn. Ọ̀bọ tó bá ti jẹ bisikíìtì lọ́wọ́ èèyàn, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọwọ́ àlejò àti tábìlì ìdáná yín. Ẹ de ìdérí mọ́ dọ́ńsíbìn gbọn-in, ẹ gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọlé, ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má fi oúnjẹ pè wọ́n. Ẹ má sì fi oògùn eku dẹ wọ́n, mo bẹ̀ yín, mo ti sọ ibi tíyẹn ń já sí lókè.

* * *

Ẹni tó béèrè ìbéèrè padà wá, ó ní òun ti ka gbogbo ẹ̀ fún àbúrò òun, àbúrò ní òun ló jàre, òun náà ní òun ló jàre. Ẹ ṣé é, ẹ máa jà lọ.

Ó wá béèrè èyí tó wúlò: tóun bá rí kìnnìún ní Bódé Thomas lọ́la, kí lòun á ṣe? Ẹ má sáré, ìyẹn àkọ́kọ́, ẹ fi ojú sí i kẹ́ ẹ máa fẹ̀yìn rìn wọ ibi tó ní ilẹ̀kùn, mọ́tò náà dáa, ẹ ti gíláàsì sókè. Ẹ pe 112 tàbí 767. Ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ wà àti ibi tó kọjú sí. Ẹ má ṣe fídíò láì tíì pè wọ́n. Ẹ má kó ọmọ àdúgbò jọ tì í, ariwo ló ń sọ ẹranko tó fẹ́ lọ jẹ́jẹ́ di ẹni tó ń wá ọ̀nà àbájáde. Tó bá jẹ́ odídẹrẹ́, ẹ fún un ní gúgúrú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Akòkà wá dá a lábàá pé ká dá owó jọ látorí ìjíròrò yìí, ká fi ran ọgbà ẹranko kan lọ́wọ́ láti tún kéèjì wọn ṣe kí ẹnikẹ́ni tó já, ó ní ìyẹn ni ìfẹ́ tòótọ́. Àbá ẹ̀ dáa, mi ò rí i bá jà. Èèyàn mẹ́rìnlá ló ti ní àwọn fọwọ́ sí i, méjì nínú wọn ti ń béèrè nọ́ńbà àkáǹtì, ẹnìkan wá ní kí èmi ṣe akápò torí mo mọ ọ̀rọ̀ ẹranko.

Mi ò ṣe o. Ẹ lọ pe ẹni tó gba owó abẹ́rẹ́ jọ l'Ébùté Mẹ́ta, ó ṣì ní àpò yẹn lọ́wọ́.